Ilé Ọláìyá ní Tinúbú: Ìtàn Ilé Àgùdà tí a wó palẹ̀ àti ohun tí ó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ títí dé Ọ̀yìngbò

Ìfáàrà

Àwọn ará Èkó a máa pa á lówe pé ọjà Ọ̀yìngbò kò mọ̀ pé ẹnìkan kò wá. Èrò inú ọjà náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé àlàfo òun yóò hàn bí òun kò bá yọjú. A sábà máa ń fi òwe yìí rẹ agbéraga sílẹ̀ ni, ṣùgbọ́n a fẹ́ yá a lò fún ilé nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ní ti ilé, gbogbo ìlú Èkó ni ó ti di ọjà Ọ̀yìngbò. Bí a bá wó ilé kan lónìí, tí a sì fi páànù sé àlàfo rẹ̀ mọ́, kò ní pẹ́ rárá tí ẹni tí ó ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ kò fi ní lè sọ ohun tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ilé tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ wà ní ẹ̀bá Gbàgede Tinúbú ní Erékùṣù Èkó. Orúkọ mẹ́ta ni ó jẹ́ láyé. Casa do Fernandez, èyí tí í ṣe Ilé Fernandez ní èdè Pọtogí, ni orúkọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí ó yá, a ń pè é ní Ilojo Bar, a sì tún ń pè é ní Ilé Ọláìyá. Ọdún 1855 ni a kọ́ ọ. Ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọjọ́ 5, oṣù Igbe, ọdún 1956. A wó o palẹ̀ ní ọjọ́ 11, oṣù Ọwẹ́wẹ̀, ọdún 2016. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ilé náà lo ọdún 161 lórí ìdúró, ó sì lo ọdún 60 nínú rẹ̀ lábẹ́ ààbò òfin. Apá kejì ìṣirò yìí ni ó mú wa gbé kálámù. Ilé tí kò ní alábòójútó ni a máa ń rò pé wọn yóò wó. Báwo ni ó ṣe jẹ́ pé èyí tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba ni katakata lọ bá?

Èrò tiwa ni pé ikú ilé náà ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ kí katakata tó dé. Ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a sọ ọ́ di ti gbogbo ènìyàn lórí ìwé, tí a sì fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹbí kan ṣoṣo. Lọ́nà kejì, a fẹ́ fi hàn pé ẹni tí ó bá ń wá ohun tí ó ṣẹ́kù nínú ilé yìí kò gbọdọ̀ dúró sí Tinúbú nìkan. Ó ní láti gba orí afárá kọjá sí Ẹ̀bútè-Mẹ́tta àti Ọ̀yìngbò, nítorí pé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ni díẹ̀ nínú rẹ̀ wà.

Àwọn Àgùdà àti ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì wọn

Ní ìlàjì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun tí ó ń jà kárí ilẹ̀ Yorùbá sọ àìmọye ènìyàn di ẹrú, a sì kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn lọ sí ilẹ̀ Bùràsíìlì, pàápàá jù lọ sí Bàhíà. Nígbà tí àwọn ẹrú àti àwọn tí ó ti gba òmìnira, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Mùsùlùmí, dìde sí ìjọba Bàhíà ní ọdún 1835, ìjọba fi ìyà ńlá jẹ wọ́n, ó sì lé àwọn mìíràn kúrò ní ìlú. Láti ìgbà náà lọ ni àwọn tí ó ti ra ara wọn padà ti ń wọ ọkọ̀ wá sí etíkun wa. Àwọn kan gúnlẹ̀ sí Àjàṣẹ́ tí a ń pè ní Porto-Novo lónìí, àwọn kan sí Àgbádárìgì, àwọn kan sì wá sí Èkó. Àwọn ni a mọ̀ sí Àgùdà.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin Èkó ní ìbọn ńlá ní ọdún 1851, tí wọ́n lé Kòsọ́kọ́ kúrò, tí Akíntóyè sì padà sórí oyè, Èkó rọrùn fún wọn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Benjamin Campbell tí ó di aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó ní ọdún 1853 gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ibi tí wọ́n pàgọ́ sí ni a ń pè ní Pópó Àgùdà títí di òní, ní àyíká Òpópónà Bámgbóṣé, Campos àti Tòkunbọ̀. Orúkọ òpópónà tí a dá gbẹ̀yìn yìí kò nílò àlàyé fún ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá.

Ní ọdún 1855 tí a kọ́ ilé Fernandez, Dòsùnmú ni ó wà lórí ìtẹ́. Èkó kò tíì di ìlú abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1861 ni ìyẹn ṣẹlẹ̀. Ẹfúnróyè Tinúbú, oníṣòwò obìnrin tí a fi orúkọ rẹ̀ pe gbàgede náà, ṣì wà nílùú. Ọdún tí ó tẹ̀lé e, 1856, ni wọ́n tó lé e kúrò ní Èkó tí ó fi forí lé Abẹ́òkúta. Nítorí náà, ilé yìí fi ọdún mẹ́fà ju ìjọba amúnisìn lọ ní Èkó. Ó yẹ kí a tẹnu mọ́ ọn, torí pé àwọn ènìyàn kan máa ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ilé òyìnbó. Ọwọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó ti oko ẹrú bọ̀ ni ó kọ́ ọ, kí òyìnbó kankan tó jẹ gómìnà ní Èkó.

Ní ti Fernandez fúnra rẹ̀, a kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Ẹbí tí ń jẹ́ orúkọ yìí ni ó ni ilé náà, wọ́n sì kọ́ ọ láti máa ta ọtí àti oúnjẹ nínú rẹ̀. (Ẹni tí ó bá mọ èdè wọn yóò ṣàkíyèsí pé àwọn Pọtogí a máa fi s parí orúkọ yìí, tí àwọn ará Sípéènì sì máa ń fi z parí rẹ̀. Ní Èkó ìgbà náà, irú àdàpọ̀ báyìí kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.) Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni ètò ilé náà. Àwọn ará Bùràsíìlì ní irú ilé kan tí wọ́n ń pè ní sobrado: ọjà ni ìsàlẹ̀, ibùgbé ni òkè. Olówó ilé ń sùn sórí ọjà rẹ̀ ni. Ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ pọ̀, ó sì fẹ̀, kí oníbàárà lè ríbi wọlé. Orí ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé a máa tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun. Wọ́n a sì fi ìrẹ́lé yọ ọnà sára òpó àti sí etí fèrèsé. Ògiri nípọn débi pé oòrùn ọ̀sán kò lè tètè gbóná wọ inú rẹ̀.

Bí a bá fi èyí wé agbo ilé Yorùbá, a ó rí i pé ìyàtọ̀ ńlá wà. Agbo ilé kọ ojú sí àgbàlá rẹ̀, ó sì kọ ẹ̀yìn sí ìta. Ilé Àgùdà kọ ojú sí títì. Ó ń fi ara rẹ̀ han èrò ọ̀nà, ó sì ń sọ fún wọn irú ẹni tí ń gbé inú rẹ̀. Fún ẹni tí a tà bí ẹran, tí a fi orúkọ ẹlòmíràn pè, tí ó padà wálé tí ó kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì sí ojú títì ní àárín ìlú, ilé náà ju ibi tí a ń sùn lọ.

Iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ yìí gbilẹ̀. Nínú ìwé kékeré kan tí A. B. Laotan gbé jáde ní ọdún 1943 nípa àwọn Àgùdà Èkó, tí ó pè ní The Torch-Bearers, ó to orúkọ àwọn bíríkìlà, káfíńtà àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mìíràn sílẹ̀, kí wọ́n má bàa parun. Ọ̀kan tí orúkọ rẹ̀ yè ni João Baptista da Costa, ẹni tí ó kọ́ Mọ́sálásí Ṣítà-Bey tí a ṣí ní ọdún 1894. Ọmọ ìjọ Kátólíìkì ni púpọ̀ nínú irú wọn, síbẹ̀ wọ́n kọ́ mọ́sálásí, nítorí pé iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́. Da Costa kọ́ ọmọ iṣẹ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ náà sì kọ́ àwọn mìíràn. Ẹni tí a mọ̀ jù nínú wọn ni Sanusi Aka.

Ẹ jẹ́ kí a yà díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ èdè, torí pé òun ni iṣẹ́ wa. Àwọn Àgùdà fi ọ̀rọ̀ Pọtogí sílẹ̀ fún Yorùbá Èkó: fùrèjọ́n tí a máa ń jẹ ní ọjọ́ Ẹtì Rere, àti kàrétà tí í ṣe eégún wọn. Oúnjẹ àti àríyá ni púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ní ti ilé kíkọ́, iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ jù, ọ̀rọ̀ tí ó gbajúmọ̀ lẹ́nu wa ni bíríkìlà, káfíńtà, símẹ́ǹtì, pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn. Ó dájú lójú tiwa pé iṣẹ́ ìjọba àti iṣẹ́ ojú irin ni ó fa èyí: lọ́dọ̀ ìjọba amúnisìn ni ọmọ iṣẹ́ ti ń gba owó oṣù, orúkọ tí òyìnbó sì kọ sínú ìwé owó oṣù ni ó mọ́ iṣẹ́ náà lára. Báyìí ni ọwọ́ Àgùdà ṣe ń kọ́lé tí ẹnu Gẹ̀ẹ́sì sì ń sọ ọ́ lórúkọ.

Ilé náà bọ́ sọ́wọ́ Ọláìyá

Ní ọdún 1933, ẹbí Fernandez ta ilé náà fún Alfred Omolana Ọláìyá. Ọdún tí owó ọ̀wọ́n kárí ayé ni ọdún náà, tí iye tí a ń ra èso oko wa ti já wálẹ̀. Ẹni tí ó bá lè ra pẹ́tẹ́ẹ̀sì ní Tinúbú nírú àkókò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni kékeré. Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ní ilẹ̀ Èkìtì ni ìdílé Ọláìyá ti wá. Ẹ wo bí ìtàn ṣe yí: ilé tí ẹni òkèèrè kọ́ di ti ọmọ ìlú òkè. Láti ìgbà tí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ti so Èkó pọ̀ mọ́ ìlú òkè ni irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ti ń bá ọrọ̀ Èkó, tí owó ń kúrò lọ́wọ́ àwọn Àgùdà àti Sàró, tí ó sì ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ọláìyá yìí ni Victor, gbajúgbajà afunfèrè tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ orin háíláìfù. Kàlàbá ni a ti bí i ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1930, òun sì ni ìkogún nínú ọmọ 24. Kí òǹkàwé fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn, a ó padà sí i. Ní ọdún 1954 ni ó dá ẹgbẹ́ olórin Cool Cats sílẹ̀. Nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ṣèbẹ̀wò sí Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1956, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni a yàn láti kọrin níbi ijó ńlá tí ìjọba ṣe. Oṣù Èrèlé ni Ọbabìnrin kúrò nílẹ̀ wa. Nínú oṣù Igbe ọdún kan náà ni ìjọba kéde ilé bàbá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Nínú ọdún kan ṣoṣo, ìjọba yẹ́ orin ọmọ sí, ó sì yẹ́ ilé bàbá sí. Orin náà rí ẹni gbé e lárugẹ. Ti ilé náà kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìkéde ọdún 1956 àti ẹrù ilé ẹbí

Òfin tí a gùn lé láti kéde ilé náà ni òfin ohun àtijọ́ ti ọdún 1953. Ṣáájú ìgbà náà ni Kenneth Murray, òyìnbó olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, ti ń pariwo pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ wa ń parun. Ẹ̀ka ìjọba tí ń bójútó ohun àtijọ́, tí ó jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1943, a sì ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Oníkàn ní ọdún 1957. Nígbà tí ó di ọdún 1979, ìjọba ológun ṣe òfin mìíràn tí ó dá Àjọ Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé àti Ohun Ìrántí ti Orílẹ̀-èdè sílẹ̀, ilé Ọláìyá sì bọ́ sábẹ́ àjọ náà.

Kí ni irú òfin yìí ń ṣe? Ó ń dènà. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó ilé tí a ti kéde, wọn kò sì gbọdọ̀ yí i padà láìgbàṣẹ. Ṣùgbọ́n ìkéde kì í dí òrùlé tí ń jò. Òjò Èkó kò mọ̀wé. Ẹni tí ó ni ilé ṣì ni yóò ra páànù, tí yóò wá bíríkìlà, tí yóò pa owó oúnjẹ ọmọ rẹ̀ mọ́ láti fi rẹ́ ògiri tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń fi yangàn. A kò fún un ní àǹfààní tí onílé mìíràn ní, èyíinì ni pé kí ó wó o kí ó kọ́ èyí tí yóò mú owó wọlé. A gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì fi ojúṣe sílẹ̀ fún un.

Ibi tí nọ́ńbà tí a ní kí òǹkàwé fi sọ́kàn ti wọlé nìyí. Bàbá tí ó bí ọmọ 24 kò ní fi ilé sílẹ̀ fún ẹnìkan. Nínú àṣà wa, ilé bàbá ẹni di ilé ẹbí nígbà tí bàbá bá kú. Gbogbo ọmọ ni ó ní ìpín níbẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tí ó lè dá a tà. Nígbà tí àwọn ọmọ-ọmọ bá dé, ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ilé náà lè tó ọgọ́rùn-ún. Ilé tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni ni ilé tí ẹnikẹ́ni kì í tún ṣe, nítorí pé ẹni tí ó bá fi owó rẹ̀ tún un ṣe kò ní gba ìpín tí ó ju ti ẹlòmíràn lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ tí ilé yìí dúró lé wà láàrin ibi tí báńkì àti ilé iṣẹ́ ńlá pọ̀ sí jù ní Erékùṣù. Ojoojúmọ́ ni ilẹ̀ náà ń wọ́n sí i tí ilé orí rẹ̀ sì ń gbó sí i. Ẹni tí ó bá mọ bí ẹbí ṣe rí mọ̀ pé irú ìjà bẹ́ẹ̀ kì í parí sí ọ̀dọ̀ ilé.

A kò fẹ́ kí òǹkàwé rò pé a ń dá ẹbí náà lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó ti ọ̀dọ̀ wọn wá ni pé ilé náà ti gbó, ó sì léwu. Ní Èkó, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àwáwí lásán. Ní ọjọ́ 13, oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 2019, ilé kan tí ilé-ìwé ọmọdé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fájì, kò jìnnà sí Pópó Àgùdà, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ọjọ́ 1, oṣù Èbìbí, ọdún 2022, ilé mìíràn wó ní Òpópónà Ìbàdàn ní Ẹ̀bútè-Mẹ́tta, òun náà sì pa ènìyàn. Ẹni tí ó bá ní kí a fi ilé àtijọ́ sílẹ̀ bí ó ti wà láìtún un ṣe kò fẹ́ràn ilé náà, kò sì fẹ́ràn ẹni tí ń gbé inú rẹ̀.

Ọjọ́ tí a wó o

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ 11, oṣù Ọwẹ́wẹ̀, ọdún 2016. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni Iléyá. Iṣẹ́ ìjọba ti pa, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti lọ sílé, agogo ọ̀fíìsì kò sì lè lù títí di ìparí ọjọ́ ìsinmi. Ìgbà yìí ni katakata wọ Tinúbú. Bóyá ẹni tí ó yan ọjọ́ náà mọ̀ọ́mọ̀ yàn án tàbí kò mọ̀ọ́mọ̀, òǹkàwé lè ṣe ìdájọ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tí àjọ ìjọba àti àwọn tí ó ń jà fún ilé àtijọ́ fi ẹ̀hónú hàn, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ohun tí ó dùn wá jù nínú rẹ̀ ni ọ̀nà tí a gbà wó o. Lóòótọ́, kò sí ìlú tí kì í wó ilé olówó. Ní ìlú New York, Cornelius Vanderbilt Kejì, tí ọrọ̀ ìdílé rẹ̀ ti ara ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ ojú irin wá, kọ́ ilé ràgàjì kan sí Fifth Avenue ní àwọn ọdún 1880. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ àdúgbò náà wọ́n tí ilé ìtajà sì yí i ká, wọ́n ta á ní ọdún 1926, wọ́n sì wó o. Ilé ìtajà Bergdorf Goodman ni ó wà lórí ilẹ̀ náà lónìí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Tinúbú títí dé ibẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó wó o, wọ́n ti yọ ohun tí ó ṣeé yọ. Ojú ibi ìdáná ńlá tí Augustus Saint-Gaudens gbẹ́ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan. Ẹnu ọ̀nà onírin rẹ̀ ni a ń gbà wọ ọgbà òdòdó kan ní Central Park, níbi tí tálákà àti olówó ti ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ilé náà kú, ṣùgbọ́n wọ́n pín ogún rẹ̀.

Bí a bá ti yọ ilẹ̀kùn kan, fèrèsé kan, tàbí òpó kan tí ó ní ọnà lára ní Tinúbú kí katakata tó dé, tí a sì gbé e lọ sí Oníkàn, akẹ́kọ̀ọ́ wa ìbá rí ohun tí yóò fọwọ́ kàn. Katakata kì í yọ nǹkan; fífọ́ ni ó ń fọ́ ọ. Ẹni tí ó bá gbé Èkó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nídìí ilé tí a wó: àwọn oní-àlòkù a dé, wọn a ṣa irin, wọn a ṣa pákó tí ó bá dára, wọn a sì kó wọn lọ tà fún ẹni tí kò mọ ibi tí wọ́n ti wá.

Ohun tí ó ṣẹ́kù

Kí ni ó wá kù? Orúkọ ṣẹ́kù, ìkéde ọdún 1956 ṣẹ́kù, àwòrán sì ṣẹ́kù. Ní ti irú ilé bẹ́ẹ̀ lápapọ̀, ìwé méjì wà tí ó yẹ kí ilé ìkàwé gbogbo ní. Ọ̀kan ni Building Lagos tí Kúnlé Akínsẹ̀mọ́yìn àti Alan Vaughan-Richards kọ ní àwọn ọdún 1970. Ìkejì ni iṣẹ́ Marianno Carneiro da Cunha lórí ilé Àgùdà ní Nàìjíríà àti Benin, tí a tẹ̀ ní ọdún 1985 pẹ̀lú àwòrán tí Pierre Verger yà. Èdè Pọtogí wà nínú ìwé kejì yìí. Kò yẹ kí ó jẹ́ pé èdè Bùràsíìlì ni a ó ti máa ka ìtàn ilé Èkó, tí kò sì ní sí irú rẹ̀ ní Yorùbá.

Iṣẹ́ ọwọ́ náà pẹ̀lú ṣẹ́kù, ṣùgbọ́n ó ti fọ́n káàkiri. Apá kan rẹ̀ wà lára Mọ́sálásí Ṣítà-Bey, tí òun náà jẹ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè bíi ti ilé Ọláìyá. Kí ló dé tí mọ́sálásí fi dúró tí ilé fi ṣubú, nígbà tí òfin kan náà ń ṣọ́ àwọn méjèèjì? Mọ́sálásí ní jámáà. Ìgbà márùn-ún lójúmọ́ ni àwọn tí ó ni ín ń wọ inú rẹ̀. Bí òjò bá jò sórí ẹni tí ń kírun lónìí, a ó dá owó lọ́jọ́ Jímọ̀ láti tún un ṣe. Lílò ni ó dá a sí.

Apá kejì rẹ̀ kọjá sí òkè odò. Nígbà tí rògbòdìyàn Ìfọ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1867, tí a lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere jáde, ọ̀pọ̀ Kristẹni Ẹ̀gbá bá wọn sá wá sí Èkó, Glover sì fún wọn ní ilẹ̀ ní Ẹ̀bútè-Mẹ́tta. Títì tí a là fún wọn lọ tààrà, ó sì dábùú ara wọn, yàtọ̀ sí ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ ti Ìsàlẹ̀ Èkó. Ilẹ̀ tí a pín báyìí dára fún ilé tí ó kọjú sí títì, irú èyí tí àwọn Àgùdà mọ̀ ọ́n kọ́. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1896, afárá Carter so Erékùṣù mọ́ Ìddó ní ọdún 1901, a sì kó ilé iṣẹ́ tí ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe sí Ẹ̀bútè-Mẹ́tta. Owó oṣù dé. Pákó náà kò sì jìnnà, torí etí ọ̀sà ní Òkobàbà ni a ti ń la gẹdú tí a fi omi gbé wá. Ìlẹ̀ títẹ́jú, owó oṣù, pákó nítòsí àti ọmọ iṣẹ́ tí ó ti kọ́ṣẹ́ ní Pópó Àgùdà: àwọn wọ̀nyí ni wọ́n bí ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí ó ṣì wà káàkiri láàrin Ọ̀yìngbò àti Yábàá, tí orí fèrèsé wọn tẹ̀ bí ọrun, tí òdòdó ìrẹ́lé sì wà lára òpó wọn. Ilé akọ̀wé ojú irin, ilé ìyá oníṣòwò aṣọ, ilé olùkọ́: wọn kò tóbi tó ti Fernandez, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Nínú ọgbà ojú irin ní Ẹ̀bútè-Mẹ́tta ni Jaekel House wà, ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí a kọ́ ní ọdún 1898. Kì í ṣe ilé Àgùdà; ilé òyìnbó òṣìṣẹ́ ojú irin ni. Òun náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wó kí ẹgbẹ́ Legacy tó tún un ṣe ní ọdún 2010, tí ó sì di ibi tí a ń kó ohun àtijọ́ ojú irin sí. Inú wa dùn sí iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n a ṣàkíyèsí pé oníhun kan ṣoṣo ni ilé yẹn ní, iléeṣẹ́ ojú irin. Bí ẹnìkan bá ti gbà, iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀. Ilé òyìnbó tí ìjọba ni rọrùn láti gbà là ju ilé bàbá wa lọ, ibẹ̀ sì ni ìṣòro wà.

Àkókò kò dúró dè wá. Ní ọjọ́ 29, oṣù Èrèlé, ọdún 2024, a ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin pupa ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ó ti Agbádò wá parí sí Ọ̀yìngbò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún náà. Ohun rere ni. Ibi tí ọkọ̀ ojú irin bá sì dúró sí, ilẹ̀ ibẹ̀ kì í pẹ́ gbówó lórí, pàápàá níbi tí ọjà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ Tinúbú fún ọgọ́ta ọdún lè ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ Ọ̀yìngbò láàrin ọdún mẹ́wàá, àwọn ilé tí a ń sọ yìí kò sì sí nínú ìkéde kankan.

A kò dábàá pé kí a kéde gbogbo wọn. A ti rí ohun tí ìkéde nìkan lè ṣe. Ohun tí a ń bèèrè kéré sí ìyẹn, ó sì wà ní ìkáwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ bíi tiwa. Àkọ́kọ́, kí ìjọba ìpínlẹ̀ yọ̀ǹda owó orí ilẹ̀ fún ẹbí tí ó bá pa irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ́, kí ìtọ́jú lè jẹ́ èrè dípò kí ó jẹ́ ìyà. Èkejì, bí wíwó bá di dandan, kí a má ṣe fọwọ́ sí i títí a ó fi yọ ilẹ̀kùn, fèrèsé àti ọnà ara rẹ̀, tí a ó sì kọ orúkọ ilé tí wọ́n ti wá sí wọn lára.

Ẹ̀kẹta ni tiwa. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá ní ẹ̀ka Yorùbá lè mú òpópónà kan, bí Denton, Freeman tàbí Griffith, kí ó sì rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pẹ̀lú téèpù ìwọnlẹ̀ àti ìwé. Kí ó wọn ẹnu ọ̀nà. Kí ó ya àwòrán ojú fèrèsé. Kí ó bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó dàgbà jù nínú ilé náà pé ta ni ó kọ́ ọ, ọmọ iṣẹ́ ta ni ẹni náà, kí ni àwọn bíríkìlà ń pe ọnà tí ó wà lókè òpó yẹn, kí ni wọ́n ń pe igi tí ó dábùú abẹ́ òrùlé. Òwúrọ̀ ni kí ó lọ, kí ọjà tó kún, torí pé bí ọjà Ọ̀yìngbò bá ti kún tán, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ohun tí ìyá àgbà ń sọ láti ojú fèrèsé.